Ihò Ìmí Ẹ́ńjìnnì Festus

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín ní Ìkọ̀lé pé Festus Akínbọ̀dé ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ Gálílì, pé ó bínú nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ borí rẹ̀, ẹ ní kí ẹni náà lọ fi omi tútù bọ́jú. Irọ́ ni. Irọ́ ọ̀hún ti pẹ́ débi pé ó ti hu irùngbọ̀n, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà pàápàá ti ń pa á nítàn. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ bí ó ti rí.

Ọkùnrin tí inú máa ń bí ni Festus, a kò ní tan ara wa. Inú a máa bí i sí ewúrẹ́, a máa bí i sí rédíò, a máa bí i sí òjò tí ó bá rọ̀ lọ́jọ́ tí ó sá ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ìdajì ohun tí ará ìlú ń pè ní ìbínú rẹ̀, etí ni. Ọdún 1957 ni ó kúrò ní Ìkọ̀lé, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì rélùwéè ṣe. Ìdí bọ́ílà ni wọ́n fi í sí, ìyẹn àgbá irin ńlá tí omi ti ń hó, tí ooru omi ọ̀hún sì ń ti ọkọ̀ síwájú. Ẹni tí ó bá kéré lára ni wọ́n ń rán wọ inú àgbá náà, kí ó fi irin ti ìdí ìṣó láti inú, kí ẹni tí ó wà níta máa fi òòlù lu orí rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ènìyàn tí ó wà nínú agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń lu agogo ọ̀hún láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí Festus fi jáde nínú àgbá, etí òsì ti lọ pátápátá, ti ọ̀tún ń gbọ́ ìdajì. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ a máa pariwo. Bí Festus bá ní "Ẹ káàárọ̀," ẹ ó rò pé olè ló ń lé.

Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1992, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí kan, òun àti Alice ìyàwó rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀. Ó ń gbin iṣu àti àgbàdo bí gbogbo ènìyàn. Ohun tí ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé kò sí ẹni tí ó gba iṣẹ́ ọdún márùndínlógójì náà gbọ́. Láti Òkè-Àkò títí dé Ìdó, ojú irin kò gba ibẹ̀ kọjá rí. Àwọn tí ọmọ wọn wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn ti rí rélùwéè lókèèrè, ṣùgbọ́n èyí tí ń mu epo dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n rí. Bí Festus bá ní iná èédú àti omi ni ó ń wa ọkọ̀ tí òun bá wọn tún ṣe, wọn a ní, "Omi kẹ̀? Omi yìí náà tí a fi ń ro ọkà?" Wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Rélùwéè. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lábẹ́ rẹ̀. Etí Festus kò gbọ́ dáadáa ni, ojú rẹ̀ kò fọ́. Ó ń rí ẹ̀rín náà kedere.

Jacob Ọbáfẹ́mi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni, káfíńtà ni, òun sì ni Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí àwọn méjèèjì ń lọ. Bí ẹ bá tẹ Jacob lẹ́sẹ̀, òun gan-an ni yóò bẹ̀ yín. Ìlú fẹ́ràn rẹ̀ bí wọ́n ti ń fẹ́ràn ọjọ́ tí kò móoru tí kò sì tutù. Lábẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ ni Festus ti ń lo ìrọ̀lẹ́, tí yóò jókòó lórí pátákó, tí yóò máa pariwo ìtàn rélùwéè, tí Jacob yóò máa fi randa fá igi.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, Festus tún ń sọ nípa ẹ́ńjìnnì kan tí ó ń fa ogójì ọkọ̀ ẹ̀pà. Jacob fẹ́ dá a lára yá ni o, kò ní ibi nínú.

"Festus," ó ní, "ọkọ̀ tí éè sí ní ùlú yìí, bí o bá ní ó ní apá, a á gbà fún ọ."

Festus dìde dúró. "Ùwọ Jacob! Ùwọ náà pè mí ní òpùrọ́?"

"Mi è pè ọ́ ní nǹkan kan. Mo ní ká rí i ni. Ùwọ ṣe kékeré kan, ká fi ojú wa rí i."

"Ùwọ náà ṣe tìrẹ! Ṣebí káfíńtà ni ọ́!"

"Mà á ṣe tèmi," ni Jacob wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mà á fi ugi ṣe é."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ẹ́ńjìnnì kan láti ìpilẹ̀, kò gbọdọ̀ ra ẹyọ nǹkan kan sí i, pàǹtí ilé àti ti ìsọ̀ ni yóò fi ṣe gbogbo rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ọwọ́ tí yóò tì í. Jacob yóò fi igi àti páànù tẹ́ ojú irin tí ó gùn ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni wọ́n dá, ọjọ́ tí gbogbo ìjọ máa ń tò jáde pẹ̀lú orin lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́, tí a ó jẹun tí a ó ṣeré títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, èyí tí a ń pè ní lílọ sí Gálílì. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá dé òpin yóò pa àkùkọ kan fún ẹnì kejì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, eré àgbà méjì.

Fún Jacob, eré ni. Fún Festus kì í ṣe eré. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni yóò jẹ́ tí ó bá di ọdún tuntun, etí ti lọ, ọjọ́ ń lọ. Ohun tí ó ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ìlú tí wọ́n ti bí i fi ojú ara wọn rí i lẹ́ẹ̀kan pé iná àti omi lè ti irin, kí wọ́n sì gbà pé òun kò parọ́ ayé òun. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi Alice. Alice ní, "Bàbá Moyin, ẹ ṣe é nígbà náà, kí ara yín lè balẹ̀, kí tèmi náà balẹ̀."

Oṣù méje ni ó fi ṣe é. Kò sí àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ ni àwòrán, ara rẹ̀ ni tépù. Ó rántí pé ẹsẹ̀ ńlá ẹ́ńjìnnì náà ga dé òun láyà, pé bí òun bá dúró nílẹ̀ tí òun na ọwọ́ sókè, ìka òun a máa kan ìhà bọ́ílà. Nítorí náà ó gbẹ́ igi kan bí ènìyàn, tí ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ó ní Festus nìyẹn. Gbogbo ohun tí ó bá gé, yóò gbé Festus kékeré tì í. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá kọjá àyà Festus kékeré, ó ti tóbi jù, yóò tún fi fáìlì fá a. Àwọn tí ń kọjá rí àgbàlagbà tí ó ń fi ọmọláńgidi wọn agolo, wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọmọdé. Inú bí i, ó sì ju ìdajì iṣu lu ọ̀kan nínú wọn.

Ikùn láńtà gáàsì àtijọ́, tí wọ́n fi bàbà pupa ṣe, ni ó fi ṣe bọ́ílà. Póòmpù kẹ̀kẹ́ méjì ni ó gé sí ibi tí ooru yóò ti máa ti ọ̀pá lọ tí yóò máa tì í bọ̀. Fìríìjì kan tí ó ti kú lẹ́yìn ilé Àlùfáà ni ó ti tú ọ̀pá bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ooru yóò máa gbà kọjá. Agolo tòmátò ni ihò èéfín. Fún àwọn ẹsẹ̀, ó yọ́ ìkòkò jíjò, ó dà á sínú amọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ó yọ́ ìkòkò Alice tí kò jò rárá, òun náà ló sì tún ń bínú pé kí ló dé tí Alice gbé ìkòkò rere sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi gbogbo oṣù kejì ṣe ni ihò ìmí. Lórí bọ́ílà, ó lu ihò kan tí kò tóbi ju ẹnu abẹ́rẹ́ ìránpò lọ. Ó fi ọmọ irin róbótó láti inú kẹ̀kẹ́ bo ihò náà, ó sì fi okùn irin kíká tí ó wà nínú bírò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ooru inú bọ́ílà bá ti ń pọ̀ jù, yóò gbé ọmọ irin náà sókè, yóò mí síta, ṣìì, ọmọ irin yóò sì padà sáyè rẹ̀. Bọ́ílà tí kò bá rí mí, bíbẹ́ ni yóò bẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn lọ́dún 1957, kí ó tó kọ́ ọ ní bí a ti ń di òòlù mú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde, ó gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ sí ìsọ̀ Jacob. Ó wúwo tó ọmọ ewúrẹ́. Ojú irin ti wà níbẹ̀, ti Jacob náà ti wà níbẹ̀: igi ìrókò ni, ó dán bí àga bíṣọ́ọ̀bù, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni yóò máa yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Festus da omi sínú bọ́ílà rẹ̀, ó kó èédú pupa sínú àdògán kékeré tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ó dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹsẹ̀ ńlá mẹ́rin náà wárìrì, wọ́n yí. Ó lọ! Ó lọ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, Festus sì fi ọwọ́ dá a dúró kí ó má baà lo gbogbo agbára rẹ̀ ṣáájú ọjọ́. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Èéfín funfun ń jáde níbi ihò ìmí, omi ń kán tó, tó, tó sórí pátákó Jacob.

Jacob wo omi náà. Ó sún mọ́ etí ọ̀tún Festus. "Festus, ó dára púpọ̀ o. Ṣùgbọ́n ṣé éè jò ni?"

Bí ó bá dáhùn bí ènìyàn ni, bóyá a kò ní máa sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó ti ń dúró dè láti ọdún mọ́kànlá, pẹ̀lú omijé lójú, kí wọ́n wí fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ń jò, ó ká a lára. Ó rò pé Jacob ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹ́rìn-ín.

"Ta ló bi ọ́?" ni ó ké. "Ta ló bi ọ́ léèrè? Mú ojú rẹ kúrò lára uṣẹ́ mi! Dúró ti ugi rẹ!"

Jacob ní kí ó má bínú. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì méjèèjì sí ìsọ̀, nítorí ọmọlanke Jacob ni yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ sí pápá. Festus lọ sílé, ó ń kùn lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Gálílì, oòrùn mú dáadáa. Ìjọ jó títí dé pápá. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Dúpẹ́, ìyá àwọn akọrin, pàtẹ́wọ́ pe gbogbo ènìyàn sí ìdí ojú irin náà. Àwọn ọmọdé dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àgbọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Àwọn ọmọ Èkó tí wọ́n wálé fún ọdún ń ya fọ́tò. Jacob ni ó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ sílẹ̀. Igi náà lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dé ìdajì, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún lọ, ó sì dé òpin. Ariwo sọ. Inú Festus náà dùn, ó pàtẹ́wọ́. Àwọn tí ó sọ pé inú bí i nígbà yẹn, níbo ni wọ́n dúró sí?

Ó wá gbé tirẹ̀ sójú irin. Ó kó èédú sí i. Ó dúró kí omi hó. Ó di irin kékeré kan mú, èyí tí ó ń sé ooru mọ́ inú bọ́ílà kí ẹ́ńjìnnì má baà lọ títí agbára rẹ̀ yóò fi kún, ó sì ń wo ihò ìmí. Kò lè gbọ́ ṣìì rẹ̀, nítorí náà ojú ni ó fi ń gbọ́ ọ. Bí èéfín funfun bá ti jáde níbẹ̀, yóò tú irin sílẹ̀. Ó dúró, èéfín kò jáde. Bọ́ílà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó mọ ìgbọ̀n yẹn bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Èéfín kò jáde. Ó fa irin náà kí ooru lè gba ibẹ̀ jáde, irin náà ti há. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo orí bọ́ílà dáadáa, ó sì rí i: ojú ihò ìmí ń dán. Òjé tuntun. Ẹnìkan ti yọ́ òjé dí ihò náà pa, ó tilẹ̀ fi nǹkan dán ojú rẹ̀ kí ó lè rẹwà.

"Ẹ sá!" ni ó ké. "Ẹ sá kúrò! Ó ń bọ̀ wá bẹ́! Ẹ kó àwọn ọmọ yìí!"

Kò sí ẹni tí ó mira.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, nítorí ibí ni inú ti ń bí ẹni tí ó ń sọ ìtàn yìí jù. Kò sí ẹni tí ó mira. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ariwo Festus ni wọ́n ti ń gbọ́ láti ọdún mọ́kànlá, lórí ewúrẹ́, lórí òjò, lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Dúpẹ́ ní, "Bàbá Rélùwéè ti bẹ̀rẹ̀ o! Ẹ fi sùúrù sí i, Bàbá, ó á lọ." Àwọn ọmọdé tún sún mọ́ ọn, nítorí pé kò sí eré tí ọmọ Ìkọ̀lé fẹ́ràn bí kí inú bí Festus. Ó na ẹsẹ̀ sí wọn, ó fi ìpá lé wọn, ó bú wọn, wọ́n sá sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n tún padà.

Nígbà náà ni ó gbé e. Ó gbá bọ́ílà náà mọ́ra pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, iná ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, bàbà gbígbóná ń bẹ lókè, ó sì sá. Ó la àárín àwọn ènìyàn kọjá, ó ń ké bí ẹran, wọ́n ń yà fún un, wọ́n ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Ó dé etí pápá, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí odò, ó jù ú sísàlẹ̀. Kò tíì dé inú omi tán nígbà tí ó bẹ́. Ìró rẹ̀ mi àwo oúnjẹ lórí tábìlì. Páànù fò lọ gé ẹ̀ka igi kan já. Ìyókù wọ inú àbàtà, kò sí ẹni tí ó rí i mọ́.

Ẹ ó rò pé wọn yóò lóye. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ wò ó, ó ju nǹkan gbígbóná sómi, báwo ni kò ṣe ní bẹ́?"

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti lọ. Nígbà tí ó padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí i. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ dín ìbínú kù o. Nítorí eré lásán!" Ó sọ fún wọn pé ẹnìkan dí ihò náà. Wọ́n mi orí, wọ́n wo ara wọn. Àlùfáà wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ aládùúrà, wọ́n yí ibùsùn ká, wọ́n lé ẹ̀mí ìbínú jáde lára rẹ̀ fún wákàtí kan. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò lè fi ọwọ́ bo ojú, kò lè fi ọwọ́ tì wọ́n síta. Alice dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Nígbà tí wọ́n ní "Àmín," òun kò ṣe é.

Ọjọ́ kẹta, Jacob wá. Kò jókòó. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ibùsùn.

"Festus, èmi ni," ó ní.

"Mo rí i pé ùwọ ni."

"Éè ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo dí i. Lálẹ́ Sátidé. Mo rí i pé ó ń jò, mo sì rí i pé ó dùn ọ́ tí mo sọ ọ́. Mo ní, wọn á fi Festus rẹ́rìn-ín lójú ujọ, èmi á sì máa wò. Mo fi irin gbóná nínú uná, mo yọ́ òjé díẹ̀ sí i. Mo rò pé mo ràn ọ́ lọ́wọ́ ni."

Ẹnikẹ́ni nínú wa ni ì bá ṣe é. Ṣé a máa ń rí ohun tí ó ń jò kí a má dí i? Kẹ́tù, ìkòkò, páànù òrùlé, dídí la mọ̀. Festus wo Jacob. Ó ti múra láti ké, gbogbo ara rẹ̀ ti kún fún un, ṣùgbọ́n igbe náà kò jáde. Ó rántí Ọjọ́bọ̀, ó rántí "Ta ló bi ọ́." Ìbínú tí ó yẹ kí ó bá Jacob, ìdajì rẹ̀ yí padà, ó gbá a láyà.

"Ogún ọmọ ni ó wà níbẹ̀, Jacob," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

"Mo mọ̀."

"Ta lo sọ fún?"

Jacob yíjú sí fèrèsé.

"Lọ sọ ọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, lójú gbogbo wọn. Bí o bá sọ ọ́, mi è ní bi ọ́ ní nǹkan kan mọ́. Bí o è bá sọ ọ́, má wá ulé yìí mọ́."

Jacob kò sọ ọ́ ní Sọ́ńdè tí ó tẹ̀ lé e. Kò sọ ọ́ ní èkejì. Bàbá Ìjọ ni, ó ti lo ogún ọdún lórí àga iwájú, orúkọ rere kò rọrùn láti gbé sílẹ̀. Ní Sọ́ńdè méjèèjì, Festus jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ wíwé lórí itan, ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn Jacob, inú rẹ̀ ń hó. Ó ti ń rò ó pé ohun tí òun jó ọwọ́ fún kò ju kí wọ́n lè rí òun fi ṣe ẹ̀sín dáadáa.

Ní Sọ́ńdè kẹta, lẹ́yìn ìkéde, Jacob dìde. Ó yíjú sí ìjọ, ìwé ìsìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ omi tí ó ń kán, ó sọ òjé, ó sọ alẹ́ Sátidé. Ó ní òun ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ọmọ wọn, Festus ni ó gbà wọ́n là, kí wọ́n sì dẹ́kun ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, ó di àga mú.

Festus na ọrùn, ó ń wo ẹnu wọn, nítorí ó mọ̀ pé etí òun kò ní gbé e fún òun tán. Ó rí Dúpẹ́ tí ó fi ìka nu ojú. Ó rí i tí ó yíjú sí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ kedere: "Irú ọ̀rẹ́ wo rèé! Ó gba ẹ̀bi lé ara rẹ̀ nítorí kí ojú má baà ti ọ̀rẹ́ rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó sì kárí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àlùfáà gun orí àga ìwàásù, ó ní, ẹ wo ìfẹ́, ẹ wo ọkùnrin tí ó fi orúkọ rere rẹ̀ bo àléébù ẹlòmíràn. Ó ní kí Festus náà kọ́ ìwà lára irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Éè ṣe bẹ́ẹ̀!" ni Jacob wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "A gbọ́, Bàbá Ìjọ."

"Mo ní éè ṣe bẹ́ẹ̀! Òótọ́ ni! Èmi ni mo ṣe é!" Ó ń pariwo. Jacob tí a kò gbọ́ igbe rẹ̀ rí, ó fi ìkúùkù lu àga, ìwé ìsìn bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, itọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé etí yín di ni? Ṣé mo máa ń parọ́ fún yín? Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí!"

Wọ́dìnì ìjọ méjì sáré wá dì í mú léjìká. "Sùúrù, Bàbá. Ẹ rọra. Ẹ má jẹ́ kí ìbínú yẹn ràn yín." Obìnrin kan ní ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ orin.

Festus dìde. Ó rìn láti ẹ̀yìn dé iwájú, ó fi ìgúnpá rẹ̀ ya àwọn wọ́dìnì sí méjì, nítorí ọwọ́ kò tíì ṣe é lò. Ó fi ìgúnpá kan náà kọ́ apá Jacob. Wọ́n jọ rìn jáde láàárín àwọn àga, Jacob ń yí orí padà, ó ṣì ń ké mọ́ wọn.

Wọ́n jókòó lórí àtẹ̀gùn ìta.

"Wọn è gbà mí gbọ́," ó ní. "Festus, mo sọ òótọ́, wọn è gbà mí gbọ́."

"Hùn-ún," ni Festus wí.

"Inú ń bí mi! Inú ń bí mi bí ẹni pé kí n wó ulé náà lé wọn lórí!"

Festus kò sọ pé kí ó ní sùúrù. Orin ń bọ̀ láti inú ilé, ó ń bọ̀ sókè sí i. Jacob tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ. Festus yí etí ọ̀tún sí i kí ó lè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ibi tí ó bá gbàgbé ẹnìkan, Festus a bá a fi orúkọ ẹni náà kún un.